Wọ́n Tẹ́ Ìyá Sórí Irin

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n kò fẹ́ pariwo. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ọmọlúàbí ń sọ ní gbangba, ṣùgbọ́n ó ti wú mọ́ mi nínú láti ọjọ́ Ẹtì, bí n kò bá sì sọ ọ́, n kò ní lè sùn. Ẹ ṣáà má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ.

Ẹ mọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi, àbí? Èyí tí a fi ń tẹ ìwé ìpè òde, tí a fi ń ṣe fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fáwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB. Lẹ́yìn ọdún Iléyá ló bẹ̀rẹ̀ ìṣekúṣe. A ó tàn án láàárọ̀, fáànù rẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀kan, fìrì, á dákẹ́. A ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á jí. Oníbàárà á sanwó, á jókòó, á gbé àgbọ̀n sókè fún fọ́tò, kọ̀ǹpútà á tún kú. Mo gbàdúrà sí i. Mo ta òróró sí i lórí. Ṣé ẹ mọ̀ pé àdúrà ọ̀hún gbà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láìṣe ségesège, mo tilẹ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin wọlé, ó padà sídìí ìwà rẹ̀. Mo pààrọ̀ sitabiláísà. Ìwé iye owó ara ògiri mi poora lákòókò kan náà, mo ní àfi kí n máa ṣọ́ra. Ọkàn mi tiẹ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ tó ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, pé ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù lára ọjà mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Abẹ́ ìdérí kọ̀ǹpútà ni ẹ̀gbin wà, ìyá ẹlẹ́kọ ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀.

Mo gbé e sínú márúwá, ó di Ìkẹjà, sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tí wọ́n júwe fún mi ní Computer Village, lápá ibi Ọ̀tìgbà. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: kẹ́ ẹ tó dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ogún èèyàn á ti fà yín lápá, kí lẹ fẹ́ rà, kí lẹ fẹ́ tà, kí ló bàjẹ́. Mo di báàgì mi mọ́ àyà. Ọmọbìnrin náà jókòó sí kọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju ibùsùn aláìsàn lọ, ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó nu ọwọ́, ó yọ wáyà iná, ó wá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà, ó dì í mú síbẹ̀. Mo ní ṣebí iná ò sí lára ẹ̀ mọ́. Ó ní ìyókù tó fara pamọ́ sínú ẹ̀ ni òun ń lé jáde. Ó tú síkúrù méjì lẹ́yìn, ó fa páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò.

Ó wo inú ẹ̀. Ó wò mí. Ó tún wo inú ẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló ṣe èyí fún yín?"

Tí dókítà bá bi yín ní irú ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kẹ́ ẹ wá àga.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí inú kọ̀ǹpútà rí, kó lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe wúwo tó. Pátákó pẹlẹbẹ kan ń bẹ níbẹ̀ tí gbogbo ará ilé ń wá kí. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà jókòó lé e lórí, ráàmù fìdí gún un, wáyà iná, wáyà fáànù, ojú ibi tí à ń ki fíláàṣì bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. Màdábọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Màdá, ìyá! Òyìnbó tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tó rí. Ojú ìyá yìí dára, ẹ lè wò ó títí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gba ìbòjú. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n gbìn sójú rẹ̀ ló yọ ẹsẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n wá fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn mọ́ ọn, ṣóńṣó ṣóńṣó bí ẹ̀yìn òòrẹ̀. Ìhòòhò ni wọ́n wà, iná sì ń gba ara wọn kọjá, volt 12, volt 5, volt 3.3. Kódà bí kọ̀ǹpútà bá kú, tí wáyà rẹ̀ ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, volt 5 kan wà tí kì í sùn. Irin sì ni àpótí tí wọ́n máa dè é mọ́. Bí lẹ́ẹ̀dì tó gbé iná bá lè fara kan irin báyìí, ó parí: àwọn oníṣẹ́ á ní ó ti bíríìjì. Ìgbà mìíràn bọ́ọ̀dù á jó. Ìgbà mìíràn páwà tó ń fún un níná á gbọ́n, á tètè ti iná pa, fáànù á yí lẹ́ẹ̀kan, fìrì, á dákẹ́. Ẹ ti rántí tèmi, àbí?

Nítorí ìtìjú yìí ni wọ́n ṣe dá ẹsẹ̀ idẹ. Kò tóbi ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, ó ní ojú mẹ́fà kí ẹ̀mú lè rí i dì mú. Wọ́n á yí i mọ́ irin inú àpótí, á gbé ìyá kúrò nílẹ̀ bíi mìlímítà 6, atẹ́gùn á rí abẹ́ rẹ̀ gbà, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà ní bòńkẹ́lẹ́. Ibi tí ihò bá wà lára bọ́ọ̀dù ni ẹsẹ̀ ń dúró sí. Òrùka tó ń dán bíi fàdákà yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n fún idẹ láyè láti fọwọ́ kàn. Ibòmíràn, èèwọ̀.

Kò sì sí ẹni tó lè ní òun ò gbọ́. Ọdún 1995 ni Intel ti gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní ATX jáde: bọ́ọ̀dù ńlá, mìlímítà 305 sí 244, ihò rẹ̀ mẹ́sàn-án, ibi tí oníkálukú wọn máa wà ti wà lákọsílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń sanwó ilé ìwé ọmọ tirẹ̀ báyìí. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ mi. Ọdún méjì sẹ́yìn, iná dé lóru bí ẹni tí wọ́n fi ìbínú rán, ó pa bọ́ọ̀dù tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré nìyẹn, micro-ATX, mìlímítà 244 sí 244, igun mẹ́rin rẹ̀ dọ́gba. Mo gbé e fún ọ̀gá kan tí n kò ní dárúkọ, torí èmi àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń kọrin nínú kọ́áyà kan náà. Ọ̀gá ní kékeré ò sí lọ́jà, ńlá ló wà, tòkunbọ̀ gidi, àpótí mi á sì gbà á. Mo sanwó. Mo tún bu ìrẹsì fún un, ẹran méjì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà fi hàn mí ni ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lu ihò sí fún USB, fún wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, fún wáyà tó ń lọ sára ojú kọ̀ǹpútà. Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ti ẹlòmíràn kì í sábà bá a mu. Tèmi ò ní rárá. Ihò gbàgàdà ló wà níbẹ̀ fún ọdún méjì, ọwọ́ mi wọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, èmi sì rò pé ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń mí! Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ fáànù, ó ní kí n tẹ orí ba. Ẹyin méjì, funfun, róbótó, wọn ò ju ẹ̀wà lọ. Ọmọńlé ti yé sínú kọ̀ǹpútà mi, ó sì fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ yí wọn ká. Nínú ohun tí mo fi ń jẹun!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ wo ẹ̀yìn tiyín ná.

Ó kan síkúrù. Ihò mẹ́sàn-án, síkúrù mẹ́ta. Méjì lókè, ẹyọ kan nísàlẹ̀, àwọn tó kù lanu sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ ẹyẹ. Ó fi ìka kan ti ibi tí ráàmù wà, gbogbo bọ́ọ̀dù tẹ̀ wálẹ̀, ó tún dìde. Ara mi bù máṣọ. Ó ní àwọn ìlà bàbà wà nínú ẹ̀ tí wọ́n tín-ín-rín bí irun orí, bí wọ́n bá ń tẹ̀ báyìí nígbàkigbà tí a bá ki nǹkan bọ̀ ọ́, ọ̀kan lè já lọ́jọ́ kan, kò sì sí ojú èèyàn tó máa rí ibi tó ti já. Ẹ sì gbọ́ èyí: ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn kì í ṣe ọkọ ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Oríṣi síkúrù méjì ló sábà ń gbé inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ní tírẹ́ẹ̀dì fífẹ̀, 32 nínú ínṣì kan. Èkejì, M3, tírẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ wẹ́. Ojú àárẹ̀ lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ idẹ mọ ẹni tó fẹ́ òun. Wọ́n fi tipátipá wọ onítírẹ́ẹ̀dì fífẹ̀ sínú onítírẹ́ẹ̀dì wẹ́wẹ́, idẹ sì rọ̀ ju irin lọ, gbogbo inú ẹ̀ ti jẹ pátápátá. Ìgbéyàwó ipá nìyẹn o, lọ́sàn-án gangan.

"Ẹ wo abẹ́ ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́," ni ọmọbìnrin náà wí.

Mo wò ó. Láàárín bọ́ọ̀dù àti irin, mo rí páálí. Páálí! Irú èyí tí wọ́n fi ń kó mílíìkì wá sọ́jà! Ó tú síkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé ìyá dìde, páálí náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn ẹsẹ̀ idẹ gún un yọ. Lẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ti lu ú jálẹ̀jálẹ̀, ó rí bí ajere. Aáyán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ọ̀rinrin ti mú un rọ̀, ó sì ti pọ́n níbi tí ooru ti ń lù ú. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ gbọ́ mi, ta ló ń tẹ́ ìyá rẹ̀ sórí irin, tó wá fi páálí ṣe ẹní fún un?

Ọmọbìnrin náà yí bọ́ọ̀dù padà, ó fi orí ẹ̀mú rẹ̀ tọ́ka. Nísàlẹ̀, níbi tí kò sí ihò, àmì dúdú kan wà tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, àárín rẹ̀ ń dán. Ó tún tọ́ka sínú àpótí, lọ́gangan ibẹ̀. Ẹsẹ̀ idẹ kan nìyẹn, ó dá dúró, kò sí síkúrù lórí rẹ̀, orí rẹ̀ ń dán bí eyín wúrà. Ó ní bọ́ọ̀dù kékeré tó kú ló ni ín. Bọ́ọ̀dù kékeré máa ń ní ihò méjì nísàlẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀dù ńlá kò ní ohunkóhun bí kò ṣe lẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ńlá sínú ilé tí kékeré fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n yọ ọ̀kan. Èkejì, àfi bí ẹni pé ebi ń pa wọ́n! Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi kun ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ló gba ìyà náà mọ́ra. Fáànù ń gbọ̀n, àwa náà ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo ìyẹn), idẹ ń ha ọ̀dà díẹ̀díẹ̀, ó di ọjọ́ kan ó kan bàbà. Eruku ìdí ẹsẹ̀ náà ti le bí àmọ̀, kò sí ẹni tó lè ní àná ni wọ́n fi síbẹ̀.

Mo pe ọ̀gá. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti pè é, mo gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn?"

"Aǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kí ló dé?"

"Páálí lẹ tẹ́ sábẹ́ màdábọ́ọ̀dù mi!"

"Páálí kẹ̀? Aǹtí mi, mi ò fi páálí sí i. Mo fi ìyá mi búra."

"Síkúrù mẹ́ta ńkọ́, nínú mẹ́sàn-án?"

"Mẹ́sàn-án ni mo dè. Ẹnì kan ti tú u lẹ́yìn mi, Aǹtí. Ẹ bi wọ́n léèrè nílé."

Ẹ bi wọ́n léèrè nílé! Ẹ gbọ́ àfojúdi! Ilé tèmi, tí a ti ń gbàdúrà ìdílé láago márùn-ún ìdájí! Mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ fún un, mo sì fi èyí tí kò yẹ ṣe èènì lé e. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ idẹ tó ṣẹ́ kù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọṣẹ́ òun. Ọmọṣẹ́! Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà ní gbogbo Èkó yìí tí ọmọṣẹ́ kò tíì dá? Ta ló kọ́ ọmọṣẹ́? Ta ló gba owó lọ́wọ́ mi? Mo já fóònù lé e lójú. Onífóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mi orí, ó ní ayé ti bàjẹ́. Mo ní ó ti bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹlòmíràn nìyẹn o, ẹ sì mọ̀ pé n kì í sá níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn. Wọ́n ní ọmọ kan wà ní àdúgbò wọn, ọmọ ìyá aláṣọ, tó dá kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tò. Ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀, gíláàsì. Inú rẹ̀, iná pupa, iná búlúù, iná àlùkò, bí ilé ijó. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e sórí WhatsApp. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yìí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò lórí wáyà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ó bú àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un títí ẹnu fi ń run ún. Páànù ẹ̀yìn yẹn ní àwọn ahọ́n kéékèèké tó yẹ kí wọ́n fara ti ojú ihò láti ìta. Níbi ìkánjú tó fi sọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ kalẹ̀, ahọ́n kan yọ́ wọnú ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ó lè wọ ihò USB, kó bíríìjì níbẹ̀, Ọlọ́run ló bá a ṣe é. Gíláàsì lójú, ẹ̀gàn lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ sì ń fi í yangàn fáwọn ẹgbẹ́!

Wọ́n tún mú ti bàbá kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan wá, mo ní kí wọ́n má dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà fún mi. Ó fẹ́ dán bọ́ọ̀dù tuntun wò kó tó gbé e wọ àpótí. Èrò ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ibo ló tẹ́ ẹ sí? Orí àpò tó ń dán bíi fàdákà tí bọ́ọ̀dù bá wá láti ilé iṣẹ́! Inú àpò yẹn ni ààbò wà. Ara rẹ̀ lóde lè gbé iná, torí ohun tí wọ́n fi ṣe é láti máa tú iná ara ká nìyẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sórí páálí tó bá a wá.

"Páálí?" ni mo bi ọmọbìnrin náà.

"Lórí tábìlì, Mọ́mì. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe nínú àpótí. Ẹni tó ṣe tiyín ti wo fídíò, kò kàn wò ó parí ni."

Mo pòṣé sí ẹni ọ̀hún, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ìgbà ọyẹ́ ni, ètè gbogbo wa ti là, ẹ sì mọ̀ pé nígbà ọyẹ́ aṣọ náà máa ń ta èèyàn bí mànàmáná kékeré. Iná kékeré yẹn, bó bá bọ́ sára bọ́ọ̀dù, ó lè pa á láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró. Kí ọmọbìnrin náà tó fọwọ́ kan ìyá, ó máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí, gbogbo ìgbà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé àgbà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọtí tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò fọ ibi tó dúdú. Ó fi ẹ̀rọ wo ibẹ̀, ó ní bàbà ibẹ̀ kò já, orí mi bá mi ṣe é. Ó fi ọ̀dà díẹ̀ bò ó. Ó mú ẹ̀mú, ó yí ẹsẹ̀ oníranù yẹn kúrò, ó jù ú sínú agolo, tíń. N kò tíì gbọ́ ìró tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹni tó gba ilẹ̀ bàbá mi lẹ́bi. Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ tó jẹ tírẹ́ẹ̀dì.

Ti páànù ẹ̀yìn ló gba àkókò. Abọ́ ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, páànù tòkunbọ̀ kún inú rẹ̀, ó ń mú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì nídìí òkìrìkà. Ìkẹtàlá ló bá a mu. Ó tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú, kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Ó ká àwọn ahọ́n rẹ̀ sókè. Inú ló ti ń wọlé, láti ìta kò ṣeé fi sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi síbẹ̀ kí ìyá tó wọlé. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ máa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀lẹ ti ń wọ inú ọ̀pọ̀ oníṣẹ́.

Ó tẹ́ àpótí sórí tábìlì kí bọ́ọ̀dù má baà máa rọ̀ sórí ẹsẹ̀ kan. Ó fa wáyà iná tó ń lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ gba igun òkè, torí bí bọ́ọ̀dù bá ti jókòó, ọwọ́ kì í dé ibẹ̀ mọ́. Ó ka ihò, ó ka ẹsẹ̀, mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, ó tún un kà. Ó wá gbé ìyá. Etí ló fi gbá a mú, ó dà á síwájú díẹ̀, ojú ihò USB kọ́kọ́ wọnú páànù ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ kejì wá rọra ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Àwọn ahọ́n ń ti bọ́ọ̀dù padà. Ó fi àtàǹpàkò tì í lọ síwájú títí ihò fi ko ojú ẹsẹ̀, ó fi síkúrù tí òòfà ẹnu díráfà gbé dání wọ àárín. Kò dè é. Ó wọ gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án láìdè é, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dè wọ́n ní ìdàkejì ara wọn, igun yìí, igun ọ̀hún, ìka méjì péré. Nígbà tí síkúrù bá ní ó tó, ó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo ti rí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìlu-nǹkan de bọ́ọ̀dù bí ẹni ń de táyà dáńfó, tí inú rẹ̀ ń ké kẹẹ́ kẹẹ́, tó sì ń súfèé sí i. Ọjọ́ Ìsinmi ni òní. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyẹn sílẹ̀.

Ó ki wáyà iná bọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ kejì gbé etí bọ́ọ̀dù ró kó má baà tẹ̀. Ó tan án. Fáànù yí, kò sì dákẹ́. Ẹ̀rọ ké píì lẹ́ẹ̀kan. Mo fò sókè, onífóònù pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti gbé kọ̀ǹpútà mi kí n máa lọ.

Ọmọbìnrin náà ń palẹ̀ tábìlì mọ́. Ó mú páálí yẹn kó sọ ọ́ nù, ó yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a kọ sí ojú kejì fara hàn, pẹ̀lú máákà búlúù: FÓTÒKỌ́PÌ. LAMINÉṢỌ̀N. PÁSÍPỌ́Ọ̀TÙ MẸ́RIN. Nísàlẹ̀: ÀWÌN Ò SÍ LÓNÌÍ, WÁ LỌ́LA. Ọwọ́ mi ni. Irú Ọ̀ tèmi yẹn, tí ojú rẹ̀ tóbi ju ara lọ, kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé iye owó ara ògiri mi, tí mo tìtorí rẹ̀ fi ojú burúkú wo ọmọ tó ń bá mi tajà láti ìgbà Iléyá.

Ọmọbìnrin náà kà á. Ó wò mí. Ó fi gúgúrú sẹ́nu.

"Ẹ fún mi," ni mo wí. Mo ká a sí méjì, mo fi sínú báàgì. Mo sanwó láìdúnàádúrà.

Nínú márúwá ni mo ti rántí alẹ́ ọjọ́ kan tí jẹnẹrétọ̀ ń dún ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago méjì òru, tí bàbá àwọn ọmọ mi ní òun ń ṣírò owó oṣù. Mo rántí pé lọ́jọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni àdúrà mi gbà.

Kò sí nílé nígbà tí mo dé. Mo lọ sí abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó ń kó ìṣó, fíúùsì àti wáyà jíjá pamọ́ sí nínú agolo mílíìkì àtijọ́. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ìka yà wọ́n. Síkúrù dúdú kéékèèké, orí wọn rí róbótó, tírẹ́ẹ̀dì wọn wẹ́. Mo kà wọ́n. Mẹ́fà ni.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá wa, ẹ ti dé! Ṣé wọ́n rí ohun tó ń ṣe é?"

"Wọ́n ní ọmọńlé ló yé sínú ẹ̀," ni mo dáhùn, mo da síkúrù padà sínú agolo, mo dé e.